Àṣìrọ Tàbí Àpá: Ìtàn Owó Oníhò àti Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ owó àtijọ́ mu púpọ̀, nítorí pé owó tí a fi ń ra ọjà nígbà kan ti di ọjà fúnra rẹ̀ lónìí, òtítọ́ àti èké sì wà nínú rẹ̀.

Ní Pleasure, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, lẹ́bàá òpópónà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, kò jìnnà sí ọjà Òkè-Odò, àwọn ìdílé tí ó ṣí wá láti ìlú Yorùbá lóríṣiríṣi ni ó kún ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó gbé àpótí àwọn òbí wọn àgbà dání wá. Bí a bá ṣí irú àpótí bẹ́ẹ̀, lábẹ́ aṣọ òfì àti ìwé owó-orí tí ó ti gbó, kò ṣòro kí a bá owó oníhò mélòó kan tí a sín mọ́ òwú. Kí a fi ojú inú wo irú ìdílé kan bẹ́ẹ̀. Kọ́bọ̀ oníhò ti ọdún 1936 ni wọ́n rí. Ìdọ̀tí ti bò ó, nítorí náà ọmọ ilé kan fi òróǹbó wẹ́wẹ́, eérú àti yanrìn bó o títí ó fi ń kọ mànà. Lẹ́yìn èyí ni ẹnìkan sọ fún wọn pé owó náà kò rí bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pé ilé ìrọwó ni ó ṣe àṣìṣe nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́, àti pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ níye lórí púpọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ojú inú san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wọn.

Ohun tí ó yẹ kí ìdílé yìí kọ́kọ́ mọ̀ ni èyí: ṣé ọjọ́ tí a rọ owó náà ni àmì ara rẹ̀ ti wà níbẹ̀, àbí ẹ̀yìn tí ó dé ọwọ́ ọmọ aráyé ni wọ́n ṣá a lọ́gbẹ́? Bí ọmọ ṣe lè ní àmì àbímọ́, tí ó sì tún lè ní àpá iná tàbí àpá ọ̀bẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni owó. Nínú àròkọ yìí, àṣìrọ ni a óò máa pe àmì tí owó gbé jáde láti ilé ìrọwó. Àpá ni a óò máa pe èyí tí ó bá a lóde ayé. Kò sí bí a ṣe lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ láìmọ ìtàn owó náà àti bí a ṣe rọ ọ́.

Láti Orí Ẹyọ dé Orí Owó Oníhò

Kí owó onírin tó gbilẹ̀, ẹyọ ni Yorùbá ń ná. Wọn a lu ẹ̀yìn rẹ̀, wọn a sì sín in: ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan. Ihò ara ẹyọ kì í ṣe àbùkù lójú ẹnikẹ́ni, nítorí òun ni ó mú kí kíkà àti gbígbé rẹ̀ rọrùn. Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Jámánì láti ìlú Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ ńláńlá láti agbègbè Zanzibar wá sí etíkun Èkó. Ẹyọ pọ̀ lọ jàra, iye rẹ̀ sì ń já wálẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ṣílè fàdákà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Ní 1894 ni Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun ni ó sì ń kó owó fàdákà náà wọlé. Ṣùgbọ́n ṣílè tóbi jù fún ẹni tí ó fẹ́ ra ata àti iyọ̀. Owó kéékèèké tí ó lè gba ipò ẹyọ ni ọjà ń fẹ́.

Nǹkan bí 1907 ni owó oníhò dé. Ọ̀nínì ni ó kéré jù nínú wọn, mẹ́wàá rẹ̀ ni ó sì jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi rọ ọ̀nínì, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin àti òógùn ọwọ́ tètè jẹ ẹ́ lára, wọ́n sì fi àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀ ní 1908. Àdàlù yìí kan náà ni ti kọ́bọ̀, tí orúkọ rẹ̀ ti ara bàbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní copper wá. Ihò wà láàárín owó kọ̀ọ̀kan, ìràwọ̀ onígun mẹ́fà sì yí ihò náà ká. Orúkọ Nàìjíríà wà lára àwọn owó àkọ́kọ́ wọ̀nyí kí Lugard tó so Gúúsù àti Àríwá pọ̀ ní 1914. Ẹni tí ó bá rí orúkọ náà lára owó 1908, tí ó sì rò pé ilé ìrọwó ni ó ṣi ọdún kọ, ìtàn ni kò mọ̀.

Ní 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá West African Currency Board sílẹ̀ láti máa ṣe owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Láti 1913 ni tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì ti ìgbìmọ̀ yìí ti ń jáde. Fàdákà ni wọ́n fi rọ wọ́n. Ìwọ̀n ṣílè kan jẹ́ gíráàmù 5.65, gẹ́gẹ́ bí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n Ogun Àgbáyé Kìíní mú kí fàdákà gbówó lórí, débi pé fàdákà inú ṣílè ń fẹ́ níye ju ṣílè fúnra rẹ̀ lọ. Ní 1920, wọ́n fi idẹ rọ́pò fàdákà.

Idẹ àti Àwọn Ayédèrú

Idẹ kì í ṣe àjèjì lọ́wọ́ Yorùbá. Àwọn tí ń fi ìda àti amọ̀ da edan Ògbóni ti mọ bí idẹ ti ń yọ́ àti bí ó ti ń dì kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí ìjọba wá fi idẹ rọ owó, àwọn kan rí i pé ohun tí ọwọ́ àwọn lè ṣe ni. Láàárín 1920 àti 1940, ayédèrú ṣílè gbòde ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ ìtàn bí Tóyìn Fálọlá àti Ayọ̀dèjì Olúkọ̀jú ti ṣe ìwádìí lórí ọ̀ràn náà. Àwọn kan fi í la, ọ̀pọ̀ fi í ṣẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ó tilẹ̀ jìyà jù ni ìyá aláta tí ó ta ọjà rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n wá kọ owó rẹ̀ fún un nígbà tí ó fẹ́ fi í ra ohun tí yóò jẹ. Ní 1938, ìjọba yí àdàlù ṣílè padà sí idẹ oníníkẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì fi àmì ààbò sí etí rẹ̀, nítorí pé etí owó ni ó nira jù fún ẹni tí ń dà á nínú amọ̀ láti fara wé.

Ayédèrú wọ̀nyí ṣì wà nínú àpótí àwọn àgbà. Owó tí a dà máa ń ní ihò tín-ín-tìn-ìn-tín bí ojú ìrẹsì sísè, létà rẹ̀ kì í mú, ibi tí ìdajì àpẹẹrẹ amọ̀ méjèèjì ti pàdé sì lè hàn bí ìlà yíká etí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ a ní àṣìrọ ni. Nítorí náà, kì í ṣe nǹkan méjì ni ẹni tí ń yẹ owó wò ní láti yà sọ́tọ̀, bí kò ṣe mẹ́ta: àṣìrọ, àpá àti ayédèrú.

Bí A Ti Ń Rọ Owó

Ilé ìrọwó kì í da owó bí asúdẹ ti ń da edan. Irin ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀ di pẹlẹbẹ gbàgàdà. Ẹ̀rọ a wá gé e sí róbótó róbótó, a sì ti etí róbótó kọ̀ọ̀kan kí bèbè rẹ̀ lè dìde díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ owó oníhò, wọ́n ti lu ihò sí i kí ó tó bọ́ sábẹ́ òǹtẹ̀. Òǹtẹ̀ méjì ni ó wà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, òrùka irin kan sì di etí owó mú láàárín. Nígbà tí òǹtẹ̀ méjèèjì bá pàdé, irin a ṣàn wọ inú gbogbo ibi tí a gbẹ́ sí òǹtẹ̀ náà, létà àti àwòrán a sì yọ sókè lára owó.

Gbogbo àyẹ̀wò ti inú ìlànà yìí wá. Bí òǹtẹ̀ bá sán, irin a ṣàn wọ inú sísán náà, yóò sì di ìlà tí ó yọ sókè lára owó. Ìbẹ́ tí ọ̀bẹ tàbí òkúta bá bẹ́ owó yóò rì wọlé ni. Ìlà tí ó yọ sókè lè jẹ́ àṣìrọ. Ìlà tí ó rì, àpá ni, àfi ní ìgbà díẹ̀ tí nǹkan bá há sáàárín òǹtẹ̀ àti owó.

Bí pẹlẹbẹ kò bá jókòó dáadáa, òǹtẹ̀ a tẹ ẹ̀gbẹ́ kan, a sì fi èkejì sílẹ̀ lófìfo. Òfìfo náà a máa dán gbọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi ayùn irin há létà kúrò, ojú ayùn yóò wà níbẹ̀, ìwọ̀n owó náà yóò sì dínkù. Bí ẹ̀rọ tí ń gé pẹlẹbẹ bá gé wọ ibi tí ó ti gé tẹ́lẹ̀, owó a ní àlàfo bí oṣù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ọ̀gangan òdìkejì àlàfo náà, bèbè owó kì í fi bẹ́ẹ̀ dìde, nítorí pé nígbà tí ẹ̀rọ ń ti etí rẹ̀, kò sí ohun tí ó tì í padà láti apá kejì. Ẹni tí ó fi ọ̀mú irin gé owó kò lè ṣe àfarawé èyí. Bèbè òdìkejì yóò ṣì dúró ṣinṣin.

Nígbà mìíràn, owó kan a lẹ̀ mọ́ òǹtẹ̀, a sì tẹ àwòrán ara rẹ̀ sí owó tí ó tẹ̀ lé e. Àwòrán náà a rì wọlé, a sì dojú kọ òdì bí ìgbà tí a wo létà nínú dígí, ṣùgbọ́n ojú kejì owó náà yóò péye. Àwọn ẹlẹ́tàn a máa fi owó méjì lé ara wọn, wọn a fi òòlù lù wọ́n kí ọ̀kan lè tẹ èkejì. Àwòrán òdì yóò hàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kejì yóò ti pẹ̀tẹ̀.

Ihò pẹ̀lú ní ẹ̀rí tirẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ pé ihò ti wà kí òǹtẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́, ẹnu ihò owó gidi a máa jọ̀lọ̀. Ihò tí a fi ìlu lu lẹ́yìn ìrọ a máa gé àárín létà kọjá, ẹnu rẹ̀ a sì máa mú. Ihò kejì tí a lu kí a lè fi owó kọ́ ọrùn ọmọ, àpá ni.

Owó Ọba Tí Kò Dé Adé

Ọdún 1936 gan-an ni ọdún tí ó ń da ojú àwọn ènìyàn rú jù. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni ọba George Karùn-ún wàjà, tí ọmọ rẹ̀ Edward Kẹjọ sì gba ipò. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni Edward kọ oyè sílẹ̀, láì tí ì dé adé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó tí ó ní orí rẹ̀ kò tí ì jáde fún gbogbo ènìyàn títí ó fi lọ. Ṣùgbọ́n owó oníhò kì í ní orí ọba. Adé àti orúkọ nìkan ni a ń kọ sí i. Kò sí ìdí láti dúró de ayàwòrán, wọ́n sì ti rọ ọ́ lọ́pọ̀lọ́pọ̀ ránṣẹ́. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé aláta ní Èkó ná owó Edward Kẹjọ nígbà tí aláta ní Lọ́ńdọ̀nù kò rí i ná.

Nítorí náà, oríṣi kọ́bọ̀ méjì ni ó ní ọdún 1936 lára: ti George àti ti Edward. Ẹni tí ó bá rí orúkọ ọba méjì fún ọdún kan, tí ó sì sọ pé àṣìrọ ni, ó ti ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni létà H àti KN tí ó wà lára owó mìíràn: H ni àmì ilé ìrọwó Heaton, KN sì ni ti King's Norton, méjèèjì ní Birmingham.

Síbẹ̀, àṣìrọ tòótọ́ kan wà nínú owó ọdún náà. Ilé ìrọwó Heaton ń rọ kọ́bọ̀ oníhò ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì ń rọ owó oníhò mẹ́wàá sẹ́ǹtì ti ìlà-oòrùn Áfíríkà. Fífẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wọ́n ṣi òǹtẹ̀ mú, àwọn kọ́bọ̀ kan tí ó ní àmì H sì jáde tí ojú kan wọn jẹ́ ti ìlà-oòrùn, tí ojú kejì jẹ́ ti ìwọ̀-oòrùn. Àwọn ìwé àkójọ owó àgbáyé ti kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí òróǹbó tàbí yanrìn tí ó lè sọ kọ́bọ̀ lásán di irú rẹ̀. Ọ̀nà kan tí ẹlẹ́tàn lè gbà ni kí ó la owó méjì, kí ó sì lẹ ìdajì wọn pọ̀. Níhìn-ín ni ihò tún ti ń jẹ́rìí, nítorí pé ojú oríkèé náà yóò hàn nínú ihò àti létí owó, ìró rẹ̀ yóò sì kú bí a bá sọ ọ́ sórí òkúta. Kọ́bọ̀ gidi wọn nǹkan bí gíráàmù 9.5, ó sì máa ń dún ketekete.

Ohun Tí Bíbó Ń Bà Jẹ́

Yorùbá ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù kún un. Òwe yìí kò bá owó àtijọ́ lọ. Nígbà tí irin bá ṣàn lábẹ́ òǹtẹ̀, ó máa ń fi ìlà wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí sílẹ̀ lójú owó. Àwọn ìlà wọ̀nyí ni ó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ yípo lára owó tuntun bí a bá ń yí i lọ́wọ́. Òróǹbó a jẹ wọ́n, yanrìn a sì há wọn kúrò. Dídán tí ó kù lẹ́yìn bíbó kì í yípo. Ojú kan náà ni ó ń dán. Bí a bá fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó, a óò rí ìbẹ́ tín-ínrín tí ó sá lọ sí ọ̀nà kan náà, a óò sì rí i pé ẹnu létà ti kú bí ọṣẹ tí a ti fọ̀ ṣẹ́kù. Irú létà bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń pè ní àṣìrọ, tí wọ́n ní òǹtẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́ dé.

Àdánù yìí ju ti owó lọ. Àwọ̀ dúdú tí ó wà lára kọ́bọ̀ jẹ́ àkọsílẹ̀ ọwọ́ tí ó ti ná an àti àpótí tí ó ti sùn. Nígbà tí a bá bó o, a ti pa ẹ̀rí kan rẹ́ nínú ìtàn àwọn ènìyàn tí kò kọ ìwé sílẹ̀. Bí a bá sì bó àṣìrọ tòótọ́, a ti sọ ẹ̀rí tí à bá fi gbà á gbọ́ nù.

Láti 1959 Títí di Òní

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1959 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kọ́bọ̀ àti ẹ́pìnnì ọdún náà ṣì ní ihò, orúkọ Nàìjíríà sì tún padà sára owó. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ tuntun dé. Ihò parí níbẹ̀. Ihò tí a bá rí lára kọ́bọ̀ 1973, ọwọ́ ènìyàn ni ó lu ú. Kọ́bọ̀ ìgbà náà jẹ́ ti bàbà àdàlù, kọ́bọ̀ márùn-ún, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sì jẹ́ ti bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì. Òòfà kì í fa wọ́n.

Ní 1991, wọ́n rọ kọ́bọ̀ kan, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tuntun láti ara irin tí a fi bàbà bò lójú. Omi kíkan tàbí ilẹ̀ tútù lè jẹ bàbà náà kúrò, owó a sì di funfun. Àwọn kan a máa tà á bí owó tí a ṣi irin rọ. Òòfà ni ó ń tú àṣírí: bí ó bá fà á, irin inú rẹ̀ ni ó fara hàn, àpá sì ni. Náírà méjì tí ó jáde ní oṣù Kejì 2007, tí ó ní ọdún 2006 lára, ní irin oríṣi méjì, ọ̀kan nínú èkejì. Bí wọ́n bá lù ú, ti àárín lè jábọ́. Ìyẹn kò sọ òrùka tí ó kù di àṣìrọ.

Àgbálọgbábọ̀

Kí a padà sí Pleasure. Bí ìdílé náà bá wo kọ́bọ̀ wọn dáadáa, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí i pé orúkọ Edward Kẹjọ ni ó wà ní ojú kan, orúkọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ojú kejì, àti pé ohun tí wọ́n pè ní àṣìrọ kò ju létà tí yanrìn há lọ. Owó náà kì yóò san owó ilé-ìwé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbà á lówó ẹni tí ó fẹ́ tà á fún wọn, tàbí kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ kan fún ẹni tí ó ní òun yóò bá wọn wá oníbàárà, nǹkan mẹ́rin kò ná wọn ní ohunkóhun: kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n fi òòfà kàn án, kí wọ́n wo etí àti ihò rẹ̀ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n sì bèèrè bóyá ìlà ara rẹ̀ yọ sókè ni tàbí ó rì.

Kí wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ nínú àpótí láìbó wọn. Ìyá àgbà tí ó sín wọn mọ́ òwú mọ ìdí tí ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó rí tí ń sín ẹyọ. Òwú náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ara ìtàn, kò sì sí ilé ìrọwó tí ó lè rọ irú rẹ̀.